Ààlà: láti pápá gọ́ọ̀fù dé Kétu



Ní ọdún 1744, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Leith, ní Skọ́tílándì, kọ òfin 13 sílẹ̀. Wọn kò dárúkọ ààlà pápá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sọnù yóò padà síbi tó ti gbá a, yóò sì pàdánù gbígbá kan. Lónìí, bọ́ọ̀lù tó bá kọjá ààlà pátápátá ń jẹ irú ìyà kan náà. Bí díẹ̀ rẹ̀ bá ṣì kan inú, inú ló wà. Òpó funfun ni wọ́n sábà fi ń ṣàmì ààlà náà, bí àwọn baba wa ṣe ń fi pèrègún pààlà oko.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ààlà tiwa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù ti rí òpó kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Àwa ò gbá nǹkan kan. Inú ilé ni òpó bá wa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ní Kútọnu pe ará Ìmẹ̀kọ ní àlejò.