Ta ló ń bi àgbà bóyá ó wẹ ọwọ́? Ìtàn òfin ọmọlúàbí ní àpérò àwọn onímọ̀

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ó pẹ́ gan-an kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà tó máa kọ òfin ìwà sílẹ̀ fún àpérò wọn? Ẹ fara balẹ̀, ìtàn rèé.

2/ Ọdún 1974. Carmita Wood ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ẹ̀ka físíìsì kan ní Yunifásítì Cornell. Ọ̀gá ibẹ̀ kan ń fọwọ́ kàn án, kò sì yéé ṣe é. Nígbà tó sú u, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí ìjọba fún òun lówó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní rárá, ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló bá lọ.

3/ Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ò tíì lórúkọ! Ní 1975, Lin Farley àti àwọn obìnrin míì ní Cornell jókòó, wọ́n wá orúkọ fún un: sexual harassment. Kéèyàn máa fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ẹlòmíì lẹ́nu. Ní May ọdún yẹn, wọ́n pe ìpàdé ní Ithaca, àwọn obìnrin sì dìde, wọ́n sọ ohun tójú wọn rí lẹ́nu iṣẹ́.

4/ Ṣùgbọ́n àpérò yàtọ̀ sí ọ́fíìsì o. Àpérò ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè fún un níṣẹ́ tàbí kó kọ lẹ́tà fún un. Ibẹ̀ ni ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ti ń bá àgbà jẹun. Ta ló wá ń bi àgbà bóyá òun náà wẹ ọwọ́?

5/ Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, ta lo máa fẹjọ́ sùn? Yunifásítì tìẹ jìnnà, tiẹ̀ náà wà níbòmíì. Tó bá fi máa dọ̀túnla, kálukú ti wọ bàálù lọ. Ilé tí ò ní baálé ni.

6/ Ní 2008, American Astronomical Society (AAS), ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, kọ òfin tó dá lórí ìyọlẹ́nu ní àpérò tiwọn. Ó ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ilé ti ní baálé.

7/ Ó tán? Kò tán o. Ìwé ò lè dìde gbèjà ẹnikẹ́ni. Ní 2015, Yunifásítì California ní Berkeley ṣèwádìí Geoff Marcy, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú wíwá pílánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rí i pé ó rú òfin ìyọlẹ́nu láàárín 2001 sí 2010. Kí ni wọ́n ṣe? Ìkìlọ̀! Ìgbà tí BuzzFeed News gbé e jáde ní October ni ariwo ta, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

8/ Ní January ọdún yẹn kan náà, Katey Alatalo àti Heather Flewelling ti dá Astronomy Allies sílẹ̀ ní àpérò AAS ní Seattle. Àmì wà láyà wọn. Tẹ́nikẹ́ni bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, lọ bá wọn, wọ́n á dúró tì ẹ́, wọ́n á sì sìn ẹ́ dé hòtẹ́ẹ̀lì.

9/ Nígbà tó di September 2017, American Geophysical Union ní ìyọlẹ́nu àti ayédèrú ìwádìí, ọ̀kan náà ni. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé "ṣùgbọ́n orí ẹ̀ pé" ò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́.

10/ Ẹ ṣírò ẹ̀: orúkọ dé ní 1975, òfin dé ní 2008. Ọdún 33! Ẹni tó máa dúró tì ẹ́ tún di 2015.

11/ Torí náà, tí wọ́n bá pè ẹ́ sí àpérò, kó o tó sanwó, bi wọ́n pé: òfin yín dà? Ta ni mo máa pè tí ilẹ̀ bá ṣú? Tí wọn ò bá lè dárúkọ èèyàn kan kí wọ́n fún ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀, baálé ò tíì sí ńlé nìyẹn.