Ta Ló Ni Orin?

Láyé àtijọ́, ẹni tó ń ṣe ìnáwó kì í wá ẹni tó ni orin kiri. Onílù wà lójúde rẹ̀ tó ń lùlù, àwọn àlejò sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ojú kan náà ni orin àti olórin wà. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ló yà wọ́n. Lónìí, ẹni tó fi fóònù ya fídíò ìsọmọlórúkọ lè fi orin ẹni tí kò rí rí sí i. Bí ó bá sì gbé e sórí YouTube, ẹ̀rọ Content ID, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007, lè dá orin náà mọ̀. Wọ́n lè pa ohùn fídíò náà, tàbí kí owó ìpolówó orí rẹ̀ di ti ẹni tó ni orin.

Òfin tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ti pẹ́ láàrin wa. Ọdún 1912 ni wọ́n mú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Nàìjíríà. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 1970 àti 1988. Èyí tí à ń lò báyìí ni òfin 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2023. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú àwo orin kan. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ wà fún 50 ọdún lẹ́yìn tí àwo náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, ṣe àpẹẹrẹ. Ní àwọn ọdún 1920, ó kọ àwọn orin ìyìn tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó kú ní 1930. Nítorí náà, lábẹ́ òfin wa, orin rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2001. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ akọrin kan bá kọ orin kan náà sínú àwo lónìí, àwo tuntun yẹn ní ẹni tó ni ín.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀nà tí kò gani lápá wà. Ẹ mú orin tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ bẹ akọrin àdúgbò kí ó kọ ọ́, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì ṣe àdéhùn sínú ìwé. Orin ìbílẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ìṣòwò, òfin ní kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Nigerian Copyright Commission. Ọ̀nà kejì ni ìwé àṣẹ Creative Commons, tó jáde ní 2002, tí àwọn olórin kan fi ń yọ̀ǹda iṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ka ìwé náà dáadáa: òmíràn kò gba títà, òmíràn kò gba àtúnṣe, fífi orin sí fídíò sì jẹ́ àtúnṣe lójú wọn.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwọn bàbá wa kì í jẹ́ kí onílù lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Pé a kò rí onílù mọ́ kò pa gbèsè rẹ̀ rẹ́.