Bí A Bá Tún Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ Ṣe, Kí Ni Ó Kù Lára Rẹ̀?

Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí bá ààfin mu, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ sùn nínú ilé kò ní bèèrè iye ọdún tí òpó tí ó gbé òrùlé dúró ti lò. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wò lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí a ṣe ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí bọ́ílà rẹ̀ ti ń jò, tí ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di tuntun lè jẹ́ olùtúnṣe. Ó sì lè jẹ́ apanirun láìmọ̀.

Kì í ṣe ohun ìṣeré oníbátìrì ni à ń wí. Ẹ́ńjìnnì àwòṣe ni, èyí tí a wo ẹ́ńjìnnì ńlá ṣe ní kékeré. Bí kò tilẹ̀ gùn ju apá ènìyàn lọ, ó ń se omi nínú bọ́ílà tirẹ̀, ooru omi náà ni ó sì ń ti písítìn síwá sẹ́yìn nínú sílíńdà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yí. Kékeré gan-an ni ó ṣáájú ńlá nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1784 ni William Murdoch ti ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré tí ooru omi ń wà. Richard Trevithick náà ṣe àwòṣe kéékèèké kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó fa irin tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ní Penydarren, ní ilẹ̀ Wales, ní oṣù Kejì ọdún 1804.

Àwọn tí a ṣe fún ọmọdé lẹ́yìn náà kò ju bọ́ílà onídẹ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn, wọ́n a sì máa jámi sílẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1899, W. J. Bassett-Lowke dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Northampton, ó sì ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Bing ti Nuremberg, ní Jámánì. Àwọn wọ̀nyí rẹwà, wọ́n jọ ẹ́ńjìnnì ńlá, ṣùgbọ́n fìtílà onísípíríìtì ni ó ń se omi ọ̀pọ̀ nínú wọn, agbára wọn kò sì tó nǹkan.

Ọkùnrin kan kọ̀ láti gba èyí. LBSC ni orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé. Ara orúkọ iléeṣẹ́ rélùwéè London, Brighton and South Coast, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ rí, ni ó ti fà á yọ. Ní ọdún 1922 ni iyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Model Engineer, èyí tí wọ́n wá ń pè ní ogun bọ́ílà. LBSC ní kí wọ́n fi èédú dá iná sínú bọ́ílà kékeré bí wọ́n ti ń ṣe sí ńlá. Àwọn alátakò ní kò lè ṣiṣẹ́. Ó gbé Ayesha jáde, ẹ́ńjìnnì tí àlàfo irin rẹ̀ kò ju ínṣì méjì ààbọ̀ lọ, ó sì fi èédú fa àgbàlagbà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, bí inú ń bí àwọn kan.

Iṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀ kì í yá. Kí a tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan, fọ́tò ni à ń kọ́kọ́ yà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Òróró tí ó ti gbẹ mọ́ inú sílíńdà, kẹrosíìnì ni a ń rẹ ẹ́ sí títí yóò fi rọ̀. Ẹni tí ó bá fi sípánà fipá yí i yóò ṣẹ́ ohun tí kò sí lọ́jà mọ́. Èèpá funfun tí omi fi sílẹ̀ nínú bọ́ílà, ásíìdì irú èyí tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ tó láti tú u. Ohun tí àwọn àtijọ́ fi wé bọ́ílà kí ooru má baà sá ni kí a ṣọ́ra fún: asibẹ́sítọ́ọ̀sì lè wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ a sì máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Bọ́ílà ni ibi tí kò sí àwàdà. Òjé tí a pò mọ́ tánńganran ni wọ́n fi jó oríkèé ọ̀pọ̀ bọ́ílà àtijọ́ pọ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 190 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó sì ti ń yọ́. Bí omi bá gbẹ lórí iná, oríkèé yóò tú. Idẹ ní àrùn tirẹ̀: síńkì inú rẹ̀ a máa lọ díẹ̀díẹ̀, a sì ku bàbà pupa tí ojú rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí kò lágbára mọ́. Nítorí náà, a kì í fi ojú lásán gbà á gbọ́. Omi tútù ni à ń rọ kún un bámúbámú, a ó sì fi pọ́ńpù tì í títí agbára inú rẹ̀ yóò fi tó ìlọ́po méjì èyí tí yóò lò lẹ́nu iṣẹ́. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí bọ́ílà bá ya, omi yóò kán sílẹ̀ ni, kò ní bú gbàmù. Ẹni tí ó bá fi afẹ́fẹ́ dán an wò ń fi ojú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Èyí tí ó bá kùnà, a ó fi bàbà tuntun rọ́pò rẹ̀, fàdákà ni a ó sì fi jó o pọ̀, èyí tí kì í yọ́ títí yóò fi kọjá ìwọ̀n 600. Níbí, ọ̀wọ̀ fún àtijọ́ kò gbọdọ̀ pa ènìyàn.

Ti àfikún ni ó ṣòro. A lè fi gáàsì rọ́pò sípíríìtì, a lè so gééjì mọ́ ọn, a tilẹ̀ lè máa fi rédíò darí rẹ̀ láti òkèèrè. Lára Mamod SL1 tí ó jáde ní ọdún 1979, tí iléeṣẹ́ ṣe ní ọ̀pọ̀, èyí kò ba nǹkan kan jẹ́. Lára ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹnì kan fi fáìlì gbẹ́ ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́, ihò kan tí a bá lu ti di ihò títí láé.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Flying Scotsman. Doncaster ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1923, pẹ̀lú agbára 180 páùn lórí ínṣì kan níbùú-lóòró. Ní ọdún 1947 wọ́n sọ ọ́ di 220. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún un láti 2006 dé 2016 ná wọn ní mílíọ̀nù 4.2 páùn. Ọ̀pọ̀ irin ara rẹ̀ ni kì í ṣe ti 1923 mọ́, síbẹ̀ òun náà ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ní Wembley, níbi ìpàtẹ ọdún 1924 tí wọ́n ti ṣe àfihàn ẹ́ńjìnnì yìí, ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn náà kò padà sílé. Wọ́n fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn. Òmíràn náà ń ṣí, ó ń tì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Flying Scotsman, iṣẹ́ ni a fi mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn, ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì àwòṣe ní méjèèjì.

Nítorí náà ni àwọn olùtúnṣe tí ó mòye kì í fi í gé, kì í fi í lu ihò, bí bọ́ọ̀tì tí ó ti wà níbẹ̀ bá lè gbé ohun tuntun dúró. Wọn a kọ gbogbo ohun tí wọ́n pààrọ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Fìtílà onísípíríìtì, bọ́ílà tí ó ti ya, àti ìdè tí ó ti dípẹtà, wọn a fi aṣọ wé wọn sínú àpótí kan, àpótí náà a sì máa bá ẹ́ńjìnnì lọ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá rà á.