Ta Ni Yóò Sanwó Àlejò Ẹ̀sìn? Ìbẹ̀wò Póòpù, Owó Ìlú àti Ohun Tí Àwọn Ènìyàn Sọ

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú dáadáa á mọ̀ pé ayẹyẹ ẹ̀sìn tó máa wáyé nílùú Èkó láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé wa kọjá kò pọ̀. Kàlẹ́ńdà ìjọ, pósítà ìsọjí, ìwé ìkésíni sí wáàsí, àwòrán Alhaji tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Mẹ́kà, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti ń tẹ gbogbo rẹ̀, nígbà mìíràn lórí ẹ̀rọ kan náà ní òwúrọ̀ kan náà. Atẹ̀wé kì í béèrè ẹ̀sìn oníbàárà. Ẹni tí yóò san owó tó kù ló máa ń béèrè.

Ìbéèrè atẹ̀wé yìí la fẹ́ gbé yẹ̀ wò, àmọ́ lórí ohun tó ju kàlẹ́ńdà lọ. Bí olórí ẹ̀sìn ńlá kan bá ṣe àbẹ̀wò sí orílẹ̀-èdè kan, tí ìjọba sì gbà á lálejò bí ọba, owó ta ló yẹ kí wọ́n ná? Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n máa ń bi wá, pàápàá nígbà tí Póòpù bá ń bọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà: "Àáfà, ṣé owó orí tiwa náà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo èyí?" A kò fẹ́ fi ìbínú dá a lóhùn, a kò sì fẹ́ fi ẹ̀rín gbé e kọjá.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ìdílé Mùsùlùmí mọ̀ ni pé fìlà méjì ni Póòpù ń dé. Òun ni olórí ìjọ Àgùdà káàkiri ayé. Òun náà sì ni olórí ìlú Vatican, tí àdéhùn ọdún 1929 láàrin ìjọ náà àti ìjọba Ítálì sọ di orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Gbogbo ilẹ̀ Vatican kò tó ìdajì kìlómítà kan níbùú lóròó. Ṣómólú nìkan tóbi jù ú lọ níye ìgbà. Síbẹ̀ ó ní aṣojú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì ti ń bá a ṣe àjọṣe bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ẹ rántí pé nígbà tí ariwo ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, OIC, gba ìlú kan ní 1986, èsì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fún àwọn tó ń bínú ni pé ṣebí Nàìjíríà ní aṣojú lọ́dọ̀ Póòpù. Nítorí náà, a kò lè sọ lónìí pé a kò mọ̀ pé Póòpù jẹ́ olórí ìlú. Àwa fúnra wa la fi ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Póòpù John Paul II wá sí Nàìjíríà. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 17 oṣù kejì 1982, nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari. Mùsùlùmí ni Ààrẹ tó gbà á lálejò, Mùsùlùmí sì ni gómìnà Èkó nígbà náà, Alhaji Lateef Jakande. Póòpù ṣe ìsìn ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, ó lọ sí Enugu, Onitsha, Kàdúná àti Ìbàdàn. Ní Kàdúná, wọ́n ti ṣètò pé kó bá àwọn aṣáájú Mùsùlùmí sọ̀rọ̀. Wọn kò yọjú. Pápákọ̀ òfuurufú ni Póòpù ti ka ọ̀rọ̀ tó ti kọ fún wọn. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn wá díẹ̀, ohun yòówù kó fà á. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba àwọn Kìrìsìtẹ́nì Najran lálejò nínú mọ́sálásí rẹ̀ ní Mẹ̀dínà, ó jókòó tì wọ́n, ó sì gbọ́ tẹnu wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu.

Ní ti owó, kò sí ẹni tó ka iye rẹ̀ sí etí aráàlú bí wọ́n ṣe máa ń kà á ní ìlú Òyìnbó. Ṣùgbọ́n àkókò náà kò dára fún ìnáwó. Owó epo rọ̀bì ti ń wálẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí àlejò lọ, ìjọba Shagari gbé òfin jáde láti dín ìnáwó orílẹ̀-èdè kù.

Ìgbà kejì jẹ́ ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 23 oṣù kẹta 1998, lábẹ́ Ọ̀gágun Sani Abacha. Ìdí pàtàkì tó fi wá ni láti kéde àlùfáà Nàìjíríà kan tó ti kú, Cyprian Michael Iwene Tansi, gẹ́gẹ́ bí ẹni ìbùkún nínú ìjọ wọn. Ní Ọbà, lẹ́bàá Onitsha, ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pàdé àwọn aṣáájú Mùsùlùmí ní Àbújá, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀.

Ilé kéwú la wà nígbà náà, a sì rántí bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa ọmọ kéwú. Ọ̀kan ní ìwà òmùgọ̀ ni kí ìjọba máa náwó lórí àlùfáà nígbà tí ọkọ̀ ń tò gbọọrọ nílé epo. Òmíràn dáhùn pé kí wọ́n náwó náà, bí Póòpù bá lè bá wa gba Abiola jáde. Olóyè Moshood Abiola, Mùsùlùmí, ọmọ Yorùbá, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ́sálásí mọ ọwọ́ ọrẹ rẹ̀, ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀rọ̀ yẹn pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ìròyìn sì wá jáde pé Póòpù bẹ Abacha pé kó tú àwọn tó wà ní àtìmọ́lé sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ọ̀pọ̀ wọn ránṣẹ́. Ní oṣù kẹfà Abacha kú, ní oṣù keje Abiola náà kú, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ohun tí a rí kọ́ nígbà náà ni pé èrò ènìyàn lórí ìnáwó àlejò kì í dúró sójú kan. Ó máa ń yí bí àǹfààní tí olúkúlùkù ń retí bá yí.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Britain, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, tí wọ́n sì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n ní gbangba. John Paul II ti lọ síbẹ̀ ní 1982, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí aṣáájú ìjọ ló ṣe lọ. Ní ọjọ́ 16 sí 19 oṣù kẹsàn-án 2010, Póòpù Benedict XVI ló kọ́kọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú tí ìjọba pè. Ọbabìnrin Elizabeth gbà á ní ààfin Holyroodhouse ní Edinburgh. Ó ṣe ìsìn ní Glasgow, ó bá àwọn aṣòfin àti àwọn èèkàn ìlú sọ̀rọ̀ ní Westminster Hall, ó ṣe àdúrà alẹ́ ní Hyde Park, ó sì kéde John Henry Newman gẹ́gẹ́ bí ẹni ìbùkún ní Birmingham.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ìnáwó náà sí. Ohun tó jẹ mọ́ ìjọba, ìjọba ló san án; ohun tó jẹ mọ́ ìsìn, ìjọ Àgùdà ló kó owó rẹ̀ jọ. Àwọn ọmọ ìjọ tó fẹ́ lọ síbi ìsìn náà dá owó. Ti Birmingham tó pọ́ùn 25 lórí ẹnì kan. Ìjọba ti sọ ṣáájú pé tiwọn lè tó mílíọ̀nù 10 sí 12 pọ́ùn, láìka owó ọlọ́pàá mọ́ ọn. Ọdún yẹn sì ni ìjọba tuntun ilẹ̀ náà ń múra láti gé owó iṣẹ́ ìlú kù. Ẹ lè fojú inú wo bó ṣe rí lára àwọn ènìyàn. Nínú ìwádìí èrò aráàlú tó jáde ṣáájú ìbẹ̀wò náà, nǹkan bíi mẹ́ta nínú ènìyàn mẹ́rin ló ní kò yẹ kí owó orí lọ sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́de ní London. Ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà tó bá àwọn ọmọdé ṣe ìṣekúṣe wà lára ohun tó ká wọn lára jù.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti rí i, Hyde Park sì kún. Àwọn kan náà tó kọ̀ láti sanwó lè ti wà láàrin àwọn tó wá wòran. A kò rí ìtakora níbẹ̀. Ènìyàn lè fẹ́ràn àlejò kó má sì fẹ́ kí wọ́n mú owó oúnjẹ rẹ̀ nínú àpò òun.

Ohun tó wá kàn wá jù nínú ìtàn yẹn hàn síta ní oṣù kejì 2011. Ó jáde pé mílíọ̀nù 1.85 pọ́ùn nínú owó tí ìjọba Britain ná lórí ìbẹ̀wò náà wá láti inú àpò ilé iṣẹ́ tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè tálákà lọ́wọ́. Ìjọba ní nítorí pé ìjọ Àgùdà ń ṣe iṣẹ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ ní irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn aṣòfin kan kò gba àlàyé yẹn, àwa náà kò gbà á. A mọ̀ pé ìjọ náà ń kọ́ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí Bárígà àti Akọka ló gba ẹnu ọ̀nà St. Finbarr's kọjá, a kò sì ní sẹ́ oore. Ṣùgbọ́n owó abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe owó àga ìjókòó àlejò. Ibi tí wọ́n ti mú owó náà ló burú jù, ju iye rẹ̀ lọ.

Ní tiwa, èrò wa rèé. Bí Póòpù bá wá gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú, ẹ̀ṣọ́ ààbò, ọlọ́pàá ojú títì àti oúnjẹ ìkíni-káàbọ̀ jẹ́ ti ìjọba, bó ṣe jẹ́ ti ìjọba nígbà tí ọba Saudi Arabia tàbí ààrẹ Faransé bá wá. Kò sí Mùsùlùmí tó máa béèrè owó orí bí ọba Saudi bá balẹ̀. Àmọ́ pẹpẹ, àgọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìsìn àti ọkọ̀ tó kó àwọn olùjọ́sìn, ti ìjọ ni. Abala 10 ìwé òfin 1999 ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìlú. Ẹni tó bá ń fi owó ìlú kọ́ pẹpẹ ti sún mọ́ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹni tó ní kí ẹlòmíràn gbálẹ̀ ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ilé tirẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024, àjọ NAHCON sọ fún àwọn tó ti sanwó hájì pé kí olúkúlùkù fi owó tó lé ní mílíọ̀nù 1.9 náírà kún un, nítorí pé náírà ti já wálẹ̀. Àwọn mìíràn ta ilẹ̀, àwọn mìíràn yọwọ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ti fi bílíọ̀nù 90 náírà ran ètò hájì ọdún yẹn lọ́wọ́. Ariwo ta. Kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì nìkan ló pariwo. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí náà béèrè ibi tí owó náà wọlé sí, pàápàá nígbà tí àwọn arìnrìnàjò ń ráhùn nípa àgọ́ àti oúnjẹ ní Mínà. EFCC pe àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà láti fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ní oṣù kẹjọ 2024 sì ni Ààrẹ Bola Tinubu yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdullahi Saleh Usman sípò alága.

Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ìlàjẹ, Bárígà, lè má mọ̀ pé òun ń san owó orí. Ó ń san án. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí owó ìpè tó ń rà sórí fóònù rẹ̀. Bóyá Kìrìsìtẹ́nì ni, bóyá Mùsùlùmí tí kò lówó àtilọ sí Mẹ́kà láéláé ni. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ so ọ̀ranyàn hájì mọ́ ẹni tó bá ní agbára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa kò sọ pé kí ẹni tí kò ní agbára rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́ja. Àwọn àáfà máa ń sọ ìtàn Khalifa Umar ọmọ Abdul Aziz tó pa àtùpà ìlú nígbà tí ọ̀rọ̀ yí sí ti ilé rẹ̀, tó sì tan tirẹ̀. A máa ń gbádùn ìtàn yẹn lórí mímbárì. Ó yẹ kó dé ọ̀rọ̀ hájì náà, kó dé ọ̀rọ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí ìjọba ń rán lọ sí Jerúsálẹ́mù, kó sì dé ọ̀rọ̀ àáfà ńlá tí gómìnà bá pè wá láti òkè òkun.

Àwọn kan á sọ pé tí a bá yọwọ́, àwọn tó kù ò ní yọwọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé owó ìjọba àpapọ̀ kò ní gbé arìnrìnàjò mọ́, ti Mẹ́kà àti ti Jerúsálẹ́mù. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni bílíọ̀nù 90 jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná lórí àlejò ẹ̀sìn kan, tàbí lórí ìrìnàjò kan, kò nílò láti dúró de oníròyìn. Òfin òmìnira ìròyìn tí wọ́n ṣe ní 2011 gbà kí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí tó fi ń béèrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàrin ọjọ́ méje. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà mú àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Kọ orúkọ ètò náà, ọdún tó wáyé, kí o sì béèrè ohun mẹ́ta: iye tí wọ́n ná, àpò ìjọba tí wọ́n ti mú un, àti ohun tí wọ́n fi rà. Àwọn tó mọ ìwé kọ nínú mọ́sálásí lè bá àwọn àgbà kọ ọ́. Bó bá sì di pé kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mọ ọ̀nà Ṣómólú.