Bí Kantíkantí Ti Ń Mọ Abo Rẹ̀

Ní ọdún 1871, Charles Darwin tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti sọ pé láàrin àwọn ẹranko, abo a máa yan akọ tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà fún un. A. R. Wallace pàápàá, ẹni tí òun àti Darwin jọ fi ẹ̀kọ́ nípa ìyípadà ẹ̀dá lélẹ̀, yapa sí i lórí ọ̀ràn yìí.

Ọ̀ràn náà dé ọwọ́ Alfred Sturtevant, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ T. H. Morgan ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà. Kantíkantí, eṣinṣin kékeré tí í máa rọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù, ni ó fi dán an wò. Akọ a máa yí abo po, a fi ẹsẹ̀ iwájú gbá a jẹ́ẹ́, a na ìyẹ́ kan, a sì máa gbọ̀n ọ́n. Sturtevant gé ìyẹ́ àwọn akọ kan, ó sì kéde ní 1915 pé àwọn wọ̀nyí kì í tètè rí ojú rere abo bí àwọn tí ìyẹ́ wọn pé. Ìyẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ni ẹsẹ̀ yẹn ń wá lára abo?

Àfòpiná ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà ìdáhùn. Adolf Butenandt ará Jámánì àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bí ogún ọdún wá ohun tí abo kòkòrò sílíìkì fi ń pe akọ. Wọ́n lo 500,000 abo kí wọ́n tó rí mílígíráàmù díẹ̀ fà jáde. (Sùúrù irú èyí ṣọ̀wọ́n.) Ní 1959 tí wọ́n kéde rẹ̀ ni Peter Karlson àti Martin Lüscher fi èdè Gíríkì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà fẹ́rómóònù, fún ohun tí ẹ̀dá kan ń tú jáde tí ó sì ń darí ìṣe irú rẹ̀ mìíràn.

Ti kantíkantí díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní awọ abo, òmíràn sì wà ní ti akọ. Wọn kì í fẹ́ lọ jìnnà, àfi kí a fara kàn wọ́n. Nítorí náà ni akọ fi ń fi ẹsẹ̀ gbá abo: irun tín-ín-tìn-ìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń tọ́ ọ wò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ahọ́n tọ́ ọbẹ̀. Ní 2012 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé àwọn iṣan kan nínú irun wọ̀nyí ni ó ń ya abo sọ́tọ̀ kúrò lára akọ.

Òórùn kan tí wọ́n ń pè ní cVA ni ó ya ni lẹ́nu jù. Akọ nìkan ni ó ní in. Ní 1981, Jean-Marc Jallon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé akọ a máa fi í sílẹ̀ lára abo tí ó bá gùn, kí ìtara àwọn akọ mìíràn lè rọlẹ̀. Ní 2007, Barry Dickson àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Vienna sọ ibi tí a ti ń gbọ́ òórùn náà, Or67d nínú ìwo orí eṣinṣin, di aláìníṣẹ́. Akọ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí ń lé akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri. Abo tí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí sì ń lọ́ra láti gba akọ.

Òórùn kan náà ni, ibi kan náà ni a ti ń gbọ́ ọ, síbẹ̀ ó ń dá akọ dúró, ó sì ń tu abo lójú. Lójú tèmi, èyí gbe Darwin ju bí Sturtevant ti gbè é lọ. Nínú ọpọlọ ni ìyàtọ̀ náà wà: ní 2008 ni a rí i pé ẹ̀ka iṣan tí ń gbé òórùn yìí lọ kò rí bákan náà nínú akọ àti abo, àti pé jíìnì tí a ń pè ní fruitless ni ó mú un rí bẹ́ẹ̀.