Abẹ Ọba àti Irùngbọ̀n Onígbàgbọ́: Ẹ̀kọ́ tí Ìtàn Ilẹ̀ Rọ́ṣíà Kọ́ Wa

 

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irùngbọ̀n la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé tó jẹ́ ti Ifá. Kí ló pa Ifá pọ̀ mọ́ irùngbọ̀n? Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáadáa, a ó rí i pé àwa gan-an kì í fi ọ̀rọ̀ irun ṣeré. Bí a bá ń tẹ ènìyàn nífá, tí ó sì kan orí fífá, a kì í ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀ ẹ̀bá títì. Ọmọ dàdà ń kọ́? Irun tó gbé wá láti ọ̀run, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé ti abẹ bọ̀ ọ́ láìṣe ohun tó yẹ. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin tó tó ọkùnrin, a máa dirun bí obìnrin. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ńkọ́? Samuel Johnson ròyìn àwọn ìlàrí ọba nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921: wọn a fá apá kan orí, wọn a dá apá kejì sí. Ibi tí ìlàrí bá dé, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í sọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Orí rẹ̀ ti sọ ọ́.

Irun, nígbà náà, jẹ́ àmì tó ń sọ ti ẹni tí ènìyàn í ṣe. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni èyí: bí alágbára bá ti abẹ bọ àmì tó wà lára àwọn ènìyàn, tí kò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí ló máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ilẹ̀ Rọ́ṣíà la ó gbà lọ wá ìdáhùn, nítorí pé níbẹ̀ ni ọba kan ti gbé ogun ti irùngbọ̀n.

Irùngbọ̀n Nínú Àwọn Ẹ̀sìn

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọba náà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló ka irùngbọ̀n sí. Nínú òfin àwọn Júù, ìwé Léfítíkù orí 19 kọ̀ fún ọkùnrin láti ba igun irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́. Àwọn Mùsùlùmí gbà á láti inú hàdíìsì pé kí ọkùnrin dá irùngbọ̀n sí, kí ó sì gé irunmú mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Punjab ní Íńdíà, ọdún 1699 ni Guru Gobind Singh dá ẹgbẹ́ Khalsa sílẹ̀ láàárín àwọn Sikh, tí irun àìgé sì di ọ̀kan nínú àmì márùn-ún tí ọmọ ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní.

Àwọn Kírísítẹ́nì ní tiwọn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn àlùfáà ìjọ Róòmù a máa fá irùngbọ̀n, àwọn ti ìhà Ìlà-Oòrùn a máa dá a sí. Nígbà tí ìjọ méjèèjì kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 1054, ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n wà nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí ara wọn lọ́rùn. Ọ̀dọ̀ àwọn ti Ìlà-Oòrùn yìí ni Rọ́ṣíà ti gba ẹ̀sìn Kírísítì.

Kí Abẹ Tó Dé

Lọ́dún 1551, àwọn olórí ìjọ Rọ́ṣíà péjọ sí Moscow fún ìpàdé ńlá tí wọ́n ń pè ní Stoglav. Wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé ẹni tó bá fá irùngbọ̀n, tó sì kú bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣe ìsìn òkú fún un, a kò sì gbọdọ̀ tan àbẹ́là nítorí rẹ̀. Ìdí wọn ni pé ní àwòrán Ọlọ́run la dá ọkùnrin. Jésù tó wà nínú àwòrán mímọ́ wọn ní irùngbọ̀n, àwọn wòlíì ibẹ̀ náà ní in. Ẹni tó bá fá tirẹ̀ ti ba àwòrán náà jẹ́ ní ojú ara rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ yìí. Nikon, tó di olórí ìjọ lọ́dún 1652, fẹ́ tún ìlànà ìsìn ṣe kó lè bá ti àwọn Gíríìkì mu. Ó ní ìka mẹ́ta ni kí wọ́n máa fi ṣe àmì àgbélébùú dípò méjì, ó sì yí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ Jésù padà. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn baba àwọn ṣe ṣe é ni àwọn yóò ṣe é. Àwọn wọ̀nyí là ń pè ní Onígbàgbọ́ Àtijọ́. Ìpàdé ńlá ti ọdún 1666 sí 1667 fi wọ́n gégùn-ún, wọ́n sì lé wọn jáde kúrò nínú ìjọ. Wọ́n sun Avvakum, àlùfáà tó jẹ́ agbẹnusọ wọn, níná lọ́dún 1682. Àwọn mìíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn nínú ilé, wọ́n sì sọ iná sí i kí ọwọ́ ọmọ ogun má baà tó wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí: nínú gbogbo ìjà yẹn, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà nítorí irùngbọ̀n. Nikon ní irùngbọ̀n, Avvakum náà ní in. Ẹni tó sunni àti ẹni tí wọ́n sun, bákan náà ni àgbọ̀n wọn rí. Irùngbọ̀n jẹ́ ti gbogbo wọn.

Ọba Dé Láti Ìrìn Àjò

Ọba Peter Kìíní, tí wọ́n ń pè ní Peter Ńlá, rin ìrìn àjò lọ sí Holland àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn ní ọdún 1697 sí 1698. Ó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn níbẹ̀, ó rí ìbọn, ó rí ilé ẹ̀rọ, ó sì rí i pé àwọn ọ̀tọ̀kùlú ibẹ̀ ń fá irùngbọ̀n. Nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun kan ṣọ̀tẹ̀ nílé, ó yára padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1698, àwọn ìjòyè wá kí i káàbọ̀. Ọba gbá wọn mọ́ra, ló bá fa abẹ yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé irùngbọ̀n wọn. Aleksei Shein, olórí ogun rẹ̀, ló kọ́kọ́ kàn. Díẹ̀ ló yọ sílẹ̀, lára wọn ni Adrian tó jẹ́ olórí ìjọ, àti Mikhail Cherkassky tó jẹ́ arúgbó.

Ẹ wo ìyẹn náà. Bó bá jẹ́ pé irùngbọ̀n ò ju ìdọ̀tí lọ lójú ọba, kí ló dé tó yọ olórí ìjọ àti àgbàlagbà sílẹ̀? Ọba mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀. Ó kàn gbà pé ìtumọ̀ náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí òun ń fẹ́ ni. Adrian sì ti sọ̀rọ̀ tako irùngbọ̀n fífá, ṣùgbọ́n ó kú lọ́dún 1700, ọba kò sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ oyè náà mọ́.

Owó Irùngbọ̀n

Ogun pẹ̀lú Sweden bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1700, ogun sì ń jẹ owó. Ní oṣù kìíní ọdún 1705, àṣẹ jáde: gbogbo ọkùnrin ìlú ní láti fá irùngbọ̀n, àfi àlùfáà àti díákónì. Ẹni tí kò bá fẹ́ fá a, kí ó sanwó lọ́dọọdún. Ọlọ́rọ̀ oníṣòwò a san 100 ruble, òṣìṣẹ́ ọba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a san 60, ìránṣẹ́ àti awakọ̀ ẹlẹ́ṣin a san 30. Àgbẹ̀ abúlé kò san nǹkan kan nínú oko rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá gba ẹnu ibodè ìlú wọlé tàbí jáde, kopek kan ni. Àwa Yorùbá ń pe owó ìjọba ní owó orí. Ọba Peter ní tirẹ̀ kò dúró lórí orí, ó gba ti àgbọ̀n.

Ẹni tó bá ti san, wọ́n á fún un ní bàbà roboto kan bí owó. Lójú kan, wọ́n ya imú àti irunmú àti irùngbọ̀n sí i, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti gba owó náà. Lójú kejì, ẹyẹ idì olórí méjì, àmì ọba, ló wà níbẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, bàbà yìí ni yóò fi hàn.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ní ọdún 1705 kan náà, ìlú Astrakhan ṣọ̀tẹ̀. Lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ ni pé wọ́n ń gé irùngbọ̀n àwọn tipátipá, wọ́n sì ń fi dandan wọ àwọn ní aṣọ àjèjì, àti pé ìgbàgbọ́ àwọn ni àwọn ń jà fún. Ọdún 1706 ni ọmọ ogun ọba tó rí wọn ṣẹ́. Lọ́dún 1722, àṣẹ tuntun tún ní kí onírùngbọ̀n máa san 50 ruble, kí ó sì máa wọ aṣọ tí wọn yóò fi dá a mọ̀. Àwọn Onígbàgbọ́ Àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fara mọ́ ìyà yìí. Báyìí ni irùngbọ̀n tó jẹ́ ti gbogbo ìjọ tẹ́lẹ̀ ṣe wá di àmì tiwọn. Abẹ ọba ló sọ ọ́ di àsíá. Ọdún 1772 ni ọbabìnrin Catherine Kejì tó fòpin sí owó irùngbọ̀n, lẹ́yìn ọdún 67.

Káfíńtà Kan

Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ John Perry, ẹnjiníà tí ọba Peter gbà síṣẹ́. Ìwé rẹ̀ nípa Rọ́ṣíà jáde lọ́dún 1716. Ó ròyìn níbẹ̀ pé òun pàdé káfíńtà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n fún. Perry fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi í pé irùngbọ̀n rẹ̀ dà. Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àyà, ó sì fa irùngbọ̀n náà yọ. Ó ní òun yóò tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n gbé e sínú pósí òun, kí òun lè rí i fi han Nicholas Mímọ́ bí òun bá dé ọ̀hún. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣe.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí òfin ọdún 1551. Ẹni tí wọ́n sọ fún láti kékeré pé wọn kò ní í tan àbẹ́là fún òkú aláìnírùngbọ̀n, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ọba rò pé irun lòun gé. Ọ̀nà ọ̀run ọkùnrin yẹn ló gé.

Kí Ni Tiwa Níbẹ̀?

Àwa náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìlú Hialeah ní Florida ṣòfin lọ́dún 1987 láti dá ẹbọ ẹlẹ́jẹ̀ àwọn ọmọ Òrìṣà tó wá láti Cuba dúró. Wọn kò béèrè ohun tí ẹbọ jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Lukumi Babalu Aye gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ní oṣù kẹfà ọdún 1993 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fagi lé òfin náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ kan náà dájọ́ fún ẹlẹ́wọ̀n Mùsùlùmí kan ní Arkansas tó fẹ́ dá irùngbọ̀n ìdajì íńṣì sí. Àwọn wọ́dà ní ó lè fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé àwíjàre yìí kò mú ọ̀pá dúró. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ ti dé: ọba Peter kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ní ilé ẹjọ́ yìí, ìjọba ló ní láti sọ ìdí tó fi fẹ́ gé irun ẹlẹ́sìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń mú abẹ dání. Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ara wa. Ẹ̀gún tí ìpàdé ọdún 1667 fi àwọn Onígbàgbọ́ Àtijọ́ gún, ọdún 1971 ni ìjọ Rọ́ṣíà tó pàdé, tí wọ́n sì ká a kúrò. Wọ́n ní ìlànà àtijọ́ àti ìlànà tuntun, kò sí èyí tí kò dára. Ọdún 304 ló gbà wọ́n kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí iná jó kò sì gbọ́ ọ. Àwa ń kọ́? Ìdè Ifá tí wọ́n ń so ní Cuba, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni. Nílé, òtútù òpọ̀n la mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awo pé ti ọ̀hún kì í ṣe Ifá. Ṣé a ti béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí a tó lé wọn jáde? Àwọn baba ńlá wọn kó Ifá sọdá òkun nínú ìdè ẹrú, wọ́n sì pa á mọ́.

Nílé wa pàápàá, bí ọmọ bá béèrè ìdí tí a fi ń fá orí ẹni tí à ń tẹ̀, bí a bá kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, a ti fi ọmọ náà sílẹ̀ fún abẹ ẹni tí yóò sọ fún un lọ́la pé irun lásán ni. Iṣẹ́ ìwé bí irú èyí ni kí àgbà awo wí, kí olùṣèwádìí sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìtumọ̀ àmì tó wà lára wa má baà bá àgbà wọlẹ̀.

Ifá kì í dá ẹnìkan lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé a dá a, kí a gbọ́ ohun tó wí. Kí àwa tí à ń dá a má ṣe fi abẹ ṣáájú ìbéèrè. Káfíńtà yẹn ń gbé irùngbọ̀n rẹ̀ kiri láyà, nítorí pé ẹni tó gé e kò bi í léèrè.