Ojú Ọ̀run Láàárín Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ni ilé ni ó mọ ibi tí ó ń jò. N óò fi tèmi kún un pé ẹni tí ó ni ilé náà ni ó mọ ibi tí ó ṣókùnkùn. Inú ilé tí bàbá mi kọ́ sí Ìbàdàn ní 1958 ni mo dàgbà sí, inú rẹ̀ náà ni mo sì padà sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Yàrá mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀nà tóóró tí a ń pè ní pásẹ́èjì sì là wọ́n láàárín. Ọ̀nà náà gùn tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà dé ibẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá ń ta gbogbo ìgboro lórí, àtùpà ni a máa ń tàn níbẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá mi, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fẹsẹ̀ kọ àpótí ìjókòó nínú òkùnkùn yìí, ó ṣubú, ó sì fi ìbàdí ṣèṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n óò la òrùlé wa, n óò sì fi dígí sí ojú ihò náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti òkè wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ilé tí bàbá wa fi òógùn ojú rẹ̀ bò, ìwọ fẹ́ dá a lu? Àṣà òyìnbó wo tún nìyẹn?" N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé lóòótọ́ ni pé àṣà òyìnbó ni kí ìmọ́lẹ̀ ti òrùlé wọ ilé?

Bí a bá wo ilé àwọn baba ńlá wa, a ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé Yorùbá àtijọ́ kì í sábà ní fèrèsé lójú ògiri ìta. Amọ̀ tí ó nípọn ni ògiri náà, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni a sì sábà ń gbà wọ agbo ilé, nítorí ogun, nítorí olè àti nítorí ooru. Àlejò tí ó bá dúró ní ìta yóò rò pé inú òkùnkùn ni àwọn onílé ń gbé. Bí ó bá wọlé tán ni yóò tó mọ̀ pé òun ṣì í rò. Yàrá yí àgbàlá ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òrùlé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin da ojú kọ inú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ etí òrùlé. Àárín gbùngbùn sì ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Èyí ni a ń pè ní àkòdì. Àkòdì mìíràn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè lu ìlù kí wọ́n sì jó níbẹ̀. Òmíràn kò ju ihò kékeré lọ, níbi tí etí òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora. Ní ti ààfin ọba, àgbàlá a máa tẹ̀ lé àgbàlá ni, bí ọba bá sì ṣe tóbi tó ni àgbàlá rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ni pé omi ni àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí kọ́kọ́ rò, kí wọ́n tó ro ìmọ́lẹ̀. Wọ́n mú kí ilẹ̀ àárín àgbàlá rẹlẹ̀ ju pèpéle tí ó yí i ká lọ. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rò láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dà sínú ìkòkò àmù, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù ń gba ojú ìṣàn abẹ́ ògiri jáde. Nígbà tí wọ́n ti wá ibi tí òjò yóò gbà tán, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá òjò wọlé láìsan owó ibodè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì tí wọ́n tò nàró sínú ilẹ̀ bí ẹní pọ̀ káàkiri ìlú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwòó, obìnrin tí ó jọba Ọ̀ọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tò wọ́n. Peter Garlake hú ilẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbàlárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì ka àwọn àpáàdì wọ̀nyí sí ilẹ̀ àgbàlá tí òrùlé kò bo àárín rẹ̀. Láàárín irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn. Ìgbà tí a ń sọ yìí wà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kí òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ tẹ Ifẹ̀.

Àwọn ará Róòmù náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní Pompeii, ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ní ihò lórí òrùlé àti adágún kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ní Róòmù gan-an, Pantheon tí wọ́n parí lábẹ́ ọba Hadrian ní nǹkan bí ọdún 126 ṣì dúró. Orí rẹ̀ rí bí ìdajì igbá tí a da dé. Ihò tí ó wà ní ìdodo igbá náà fẹ̀ ju mítà mẹ́jọ lọ, kò sì ní dígí. Òjò ń rọ̀ wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ tí omi ń gbà sá lọ.

Ìjọra yìí ni ó ṣi Leo Frobenius lọ́nà. Ará Jámánì ni, ó sì dé Ifẹ̀ ní 1910. Nígbà tí ó rí àwọn ère wa àti ọgbọ́n ọwọ́ wa, kò gbà pé àwa ni a ni wọ́n. Ó kọ̀wé pé àjẹkù ọ̀làjú Atlantis ni, ìlú tí òkun gbé mì nínú ìtàn àwọn Gíríìkì. Àgbàlá olójú ọ̀run wà lára ohun tí ó fi ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ìjọra bá tó ẹ̀rí, kí ni a ó wí nípa àwọn Diola ti Casamance ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n ń kọ́ ilé róbótó tí òrùlé rẹ̀ ń da òjò sí àárín? Ẹni tí òjò ń pa, tí ó ní amọ̀ àti koríko, tí ó sì fẹ́ kí gbogbo ẹbí rẹ̀ wà lójú kan, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti inú òkun jáde wá kọ́ ọ ní ilé kíkọ́.

Báwo wá ni òkùnkùn ṣe wọ ilé bàbá mi? Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil àti Cuba padà dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kọ́ ilé aláràbarà sí Èkó, tí ọ̀nà kan la àárín wọn já, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní fèrèsé tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó rọrùn láti kó páànù wọ òkè ilẹ̀. Páànù kì í jóná bí koríko, kò sì ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. N kò bá ẹnikẹ́ni tí ó yàn án jà. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn àkòdì, nítorí pé ibi tí òrùlé méjì bá ti da omi kora ni ó ti ń jò. Bí a ṣe pa àárín dé nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo agbo ilé di ti yàrá kọ̀ọ̀kan, ibi tí gbogbo ẹbí ń gbà kọjá sì di ibi tí kò sí ẹni tí ó ni ín.

Mo ti fi ohun tí mo rí kọ́ lára àwọn baba wa ṣètò iṣẹ́ náà pẹ̀lú káfíntà mi. Òrùlé wa dà sí àríwá àti gúúsù. Ìhà àríwá ni a ó là, nítorí pé láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń mú jù, ìhà gúúsù ni ó ń gbà kọjá lórí Ìbàdàn. Ihò méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ìbú àti mẹ́rin ní gígùn, láàárín igi òrùlé, kí a má baà gé igi tí ó gbé ilé ró. A ó fi pákó ṣe etí tí yóò ga ju páànù lọ ní ínǹṣì mẹ́fà. Páànù pẹlẹbẹ tí a ó fi yí i ká yóò wọ abẹ́ páànù òrùlé ní òkè, yóò sì jókòó lé e ní ìsàlẹ̀, kí omi má baà rí ibi yà sí. Dígí alápá méjì tí a lẹ̀ pọ̀ ni a ó lò, kì í ṣe ike tí oòrùn ń sọ di pípọ́n. Láti òrùlé dé àjà, a ó ṣe ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju tòkè lọ, a ó sì fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Nígbà tí mo tẹ́ àwòrán rẹ̀ síwájú ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi tún la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìyá wa dá a dúró láti orí àga rẹ̀. Ó ní, "Nílé bàbá mi, àárín ilé ni a ti ń rí òṣùpá. Ẹ má bá ara yín jà. Omi ni kí ẹ sọ fún mi: níbo ni yóò gbà?" Mo fi ìka tọ́ ọ fún un lórí àwòrán náà, láti etí òkè dé etí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́, ó sì béèrè pé ṣé ínǹṣì mẹ́fà tó. A fi í sí mẹ́jọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni a ń dúró dè báyìí.